Wọ́n Bi Màmá Léèrè, Ó Ní Òun Dúpẹ́

Láyé ìgbà kan, bí ẹ bá gba Òkè-Lísà kọjá nílùú Oǹdó lọ́sàn-án Sátidé, ìró odó ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Ilé kan ń gún iyán, èkejì ń dá a lóhùn, òórùn ọbẹ̀ marúgbó ti gba gbogbo ojú ọ̀nà. Àgbàlagbà kì í dá jẹun nígbà náà. Bí ìyá arúgbó bá jókòó síwájú ilé, ọmọ tó ń lọ pọnmi á yà kí i, ìyàwó ilé tó ń ti oko kòkó bọ̀ á já ewébẹ̀ sílẹ̀ fún un, àwọn ọmọ-ọmọ á sì máa jà nítorí ẹni tí yóò gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ lọ sí balùwẹ̀. Ta ló gbọ́ ọ rí nígbà náà pé kánsù rán ènìyàn wá wẹ ìyá oníyàá?

Ó dùn. Kò sẹ́ni tó ní kò dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Àwọn ọmọ tó ń jà nítorí omi ìwẹ̀ yẹn ti lọ. Wọ́n wà ní Àkúrẹ́, wọ́n wà ní Èkó, àwọn kan wà ní Kánádà níbi tí wọ́n ti ń wẹ ìyá ẹlòmíràn kí wọ́n tó rí owó oṣù gbà. Odó ṣì ń bẹ lẹ́yìn ilé. Aláǹgbá ló ń sùn nínú rẹ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Màmá Fọláṣadé Akíntóyè ń dá gbé. Tíṣà ni gbogbo Òkè-Lísà ń pè é, nítorí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó gbọ́ ìwé níbẹ̀ tí kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú kọ lẹ́tà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi gúáfà. Làkúrègbé ti mú orúnkún Màmá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru.

Kánsù wọn ní ètò kan fún àwọn àgbà tí kò sẹ́ni tó ń bá wọn gbé. Wọ́n kọ́ àwọn obìnrin kan ní iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, wọ́n sì pín wọn sí ilé káàkiri. Joy ni wọ́n fún Màmá. Láràárọ̀ ni Joy máa ń wá. Á wẹ Màmá, á fi òróró pa orúnkún rẹ̀, á rí i pé ó jẹun kó tó lo oògùn, á wá fa ọwọ́ rẹ̀ lọ síwájú ilé kí oòrùn àárọ̀ lè kàn án lára. Kánsù tún fún Màmá ní ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó fi ń rìn nínú ilé. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀, wọ́n ń bá a lọ.

Ìgbà tó yá ni Joy mú ìròyìn wá pé òṣìṣẹ́ kánsù kan ń bọ̀ wá ṣe àtúnyẹ̀wò lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ọdọọdún ni wọ́n máa ń ṣe é, kí wọ́n lè mọ ohun tí oníkálukú ṣì nílò.

Ọmọ àkọ́bí Màmá ni Bísọ́dún. Télọ̀ ni, Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Nígbà tó gbọ́ pé kánsù ń bọ̀, àyà rẹ̀ já. Pé wọ́n lè gba Joy lọ kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ohun tó ń rò ni pé àlejò kan á wọ ilé Tíṣà, á rí póò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á sì máa sọ kiri ìlú pé àwọn ọmọ Tíṣà ti gbàgbé ìyá wọn.

Ló bá gbéra ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, òun àti iṣu tó rà lọ́wọ́ àwọn ará Ìta-Ògbólú. Nígbà tó dé, ó fọ ilé, ó fọ kọ́tìnnì, ó gbé póò lọ fi pamọ́ sí ilé ìdáná àtijọ́ lẹ́yìn ilé, ó sì sún ọ̀pá onírin náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó wá ránṣẹ́ sí Joy pé kó sinmi lọ́jọ́ kejì.

Joy fúnra rẹ̀ wá bá a. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n wà níbẹ̀. Èmi ni mo mọ bí Màmá ṣe ń jí."

Bísọ́dún ní, "Joy, o ṣé gan-an ni. Àwa ọmọ ti dé."

Ọ̀gbẹ́ni Akíntúndé ni orúkọ òṣìṣẹ́ tí kánsù rán wá. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Màmá. Màmá ti wọ òfì tó fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, gèlè rẹ̀ dúró bí ti ìyàwó tuntun. Kí ọkùnrin náà tó ráyè yọ bírò, iyán ti dé iwájú rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí ó fi fọwọ́.

Ó wá béèrè pé, "Màmá, ara ńkọ́?"

Màmá ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa."

"Ṣé ẹ máa ń lè wẹ̀ fúnra yín?"

"Ọmọ mi, ta ni ìbá wẹ̀ mí? Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni?"

Akíntúndé rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó tún béèrè bóyá Màmá ti ṣubú láti ìgbà tí wọ́n ti wá kẹ́yìn. Ẹ gbọ́ o, Màmá ti ṣubú nígbà ọyẹ́, ó tún ṣubú nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Kó tó lanu, Bísọ́dún ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìṣubú ò ní jẹ́ tiwa lórúkọ Jésù."

Màmá ní, "Àmín."

Akíntúndé náà ṣe àmín, torí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lòun náà. Ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé Màmá kò ṣubú. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, kí ni ẹ fẹ́ kó kọ?

Ó ní kí Màmá dìde kí òun rí bó ṣe ń rìn. Bísọ́dún sáré bọ́ síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún ìborùn ìyá rẹ̀ ṣe, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá rẹ̀, ó gbé e dìde. Màmá dúró. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sin àlejò rẹ̀, ó tún gbàdúrà fún un. Agbára àlejò nìyẹn. Gbogbo arúgbó ló ní in, ibi tí wọ́n ń fi í pamọ́ sí ni a ò mọ̀. Wọ́n á yọ ọ́ lò fún ìwọ̀nba ìgbà tí àlejò bá fi wà níjòókòó, wọ́n á wá máa fi ìrora san án padà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ilé bá ti dá.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé láti kánsù. Wọ́n ní àwọn bá Màmá yọ̀ pé ara rẹ̀ ti le. Wọ́n ní Bàbá Silas, káfíńtà àtijọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá kan ara ní òpópónà kejì, kò ní olùtọ́jú rárá, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Joy yóò máa lọ báyìí. Ọ̀pá onírin náà bá Joy lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti la ẹnu láti bú kánsù, ẹ pa á dé ná. Ohun tí ẹ bá sọ fún wọn ni wọ́n máa kọ. Ẹ̀yin lẹ ní Màmá ń fò bí ẹtu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá ṣubú sí balùwẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tutù, kò sí ọwọ́ kankan tó lè dì mú. Ibẹ̀ ló wà títí obìnrin aládùúgbò kan tó wá bu iná fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọlọ́run ṣeun, eegun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ wú, kò lè gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé orí mọ́.

Nígbà tí Bọ́láwálé, àbúrò Bísọ́dún, gbọ́, ó dájọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n ti ilé Oǹdó pa, kí Màmá máa bọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ Bísọ́dún, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́ o. Màmá jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn.

Ó wá ní, "Bísọ́dún, bí ẹ bá gbé mi gun òkè yẹn, mi ò ní fẹsẹ̀ mi sọ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà lẹ máa gbé mi sọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Bísọ́dún gbé padà dé Ọjà Ọba. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò rán nǹkan kan. Bó ti wà nìyẹn tí Hameedat wọlé wá gba bùbá rẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ ni Hameedat, ẹ̀ka wẹ́fíà ní kánsù kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó gan-an sì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ó kí i bí àwọn ará Àkúrẹ́ ṣe ń kí ara wọn nílé. "Àǹtí Bísọ́dún, ulé ńkọ́?"

Bísọ́dún ní, "A dúpẹ́," ló bá bú sẹ́kún.

Hameedat fa àga jókòó. "Irú a dúpẹ́ wo ló ń sunkún báyìí?"

Bísọ́dún wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ látorí iṣu Ìta-Ògbólú títí dé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nígbà tó dé ibi pé ìṣubú ò ní jẹ́ tiwa, Hameedat bo ojú. Ó ní ojoojúmọ́ làwọn ń rí i. Àwọn mùsùlùmí tiwọn náà ń ṣe é, alihamdulilahi ni tiwọn.

Ó ní, "Ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ òfì, ẹ gún iyán, ẹ wá gbàdúrà lé ìbéèrè lórí. Àǹtí mi, bí wọ́n bá kí yín, ẹ dúpẹ́. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ dáhùn."

Bísọ́dún bínú díẹ̀. "Ṣé kí n wá sọ fún àjèjì pé Tíṣà kì í lè dé ilé ìyàgbẹ́ mọ́? Tíṣà tí gbogbo ìlú ń wò bí ọba?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, lójú Màmá, bí Màmá bá fọwọ́ sí i. Ṣé ẹ máa lọ bá dókítà kí ẹ fi ibi tó ń dùn yín pamọ́ fún un?"

Hameedat wá ṣàlàyé. Ó ní àwọn olùtọ́jú tí kánsù ní kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ àwọn arúgbó pọ̀. Ọ̀pá onírin àti àga ìwẹ̀ kò kárí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá wò ó lọ́dọọdún: ẹni tí ara rẹ̀ ti ń yá, wọ́n á dín tirẹ̀ kù, ẹni tó ń rẹ̀ sí i, wọ́n á fi kún tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wá ọmọ burúkú kiri. Bí ẹnì kan bá purọ́ pé òun le, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀. Bí ẹnì kan bá purọ́ pé òun kò le, ẹlòmíràn tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ló ń jẹ níyà. Ó ní ọjọ́ tí ara Màmá bá burú jù ni kí wọ́n ròyìn, kì í ṣe ọjọ́ tó wọ òfì.

"Ẹ má sì dúró de ọdún tó ń bọ̀," ó ní. "Màmá ti ṣubú, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní kánsù yín, ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n tún wá wò ó. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ jẹ́ kí Joy wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kí ọkùnrin náà tó dìde, ẹ ní kó ka ohun tó kọ sí yín létí."

Bísọ́dún mí kanlẹ̀. Ó ní nígbà tí ìyá bàbá òun ń darúgbó ní Oǹdó, kò sí wẹ́fíà, kò sí àtúnyẹ̀wò, ilé kún, ẹni tó bá wà nítòsí ló ń gbé e. Ó ní òun ṣì ń rántí òórùn ara ìyá náà, àdí àti kànìnkànìn.

Hameedat kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá àgbà tòun náà nílé wọn ní Àkúrẹ́, ìtàn kì í tán lẹ́nu rẹ̀ kí oorun tó gbé e, àwọn ọmọ á wá pawọ́ pọ̀ gbé e wọlé bí ẹní gbé ẹyin. "Mo ń ṣàárò rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n àárò kì í wẹ arúgbó, Àǹtí mi."

Bísọ́dún lọ sí kánsù ní Oǹdó. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún rán Akíntúndé wá. Lọ́tẹ̀ yìí, omi tútù nìkan ni wọ́n gbé fún un. Póò wà ní àyè rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ ilé ni Màmá wọ̀. Joy jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ara ńkọ́?"

"A dú..." Màmá bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́. Bísọ́dún fẹ́ gbà á sọ, Joy fi ojú dá a dúró.

Màmá ní, "Nígbà tí mo wà ní kíláàsì, bí mo bá béèrè pé ṣé ó yé yín, gbogbo wọn á hó pé ó yé wa, tíṣà. Irọ́ ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bá nawọ́ pé kò yé òun, òun nìkan ni mo rí kọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Ó wá na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, èyí tó ṣì le, bí ọmọ iléèwé.

"Akíntúndé, mi ò lè wẹ̀ fúnra mi mọ́."

Bó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó sọ gbogbo ìṣubú rẹ̀. Joy fi èyí tó mọ̀ kún un: bí orúnkún ṣe máa ń gan láàárọ̀, bí oògùn ṣe máa ń dàrú mọ́ Màmá lọ́wọ́. Màmá wá sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ṣubú, òun kì í mu omi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mọ́, kí òun má bàa dìde lọ tọ̀. Òùngbẹ lòun fi ń sùn.

Bísọ́dún bojú. Ilé tó fọ̀, kọ́tìnnì tó fọ̀, gbogbo ìmọ́tótó yẹn, ìyá rẹ̀ ń fi òùngbẹ sùn nínú rẹ̀.

Akíntúndé rọra béèrè pé, "Màmá, ẹ̀yin fúnra yín, kí lẹ fẹ́?"

Kò sí ẹni tó ti bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Àwọn ọmọ ti pinnu, Màmá ti kọ̀, wọ́n ti ń bára wọn fa ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè.

"Ilé mi. Mo fẹ́ wà nílé mi."

Akíntúndé kò tàn án. Ó sọ ọ́ kedere pé Joy ti wà lọ́dọ̀ Bàbá Silas, àti pé ara bàbá náà burú púpọ̀. Màmá ní kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ Silas o. Ó ní Silas ló kan gbogbo bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ ìlú yìí jókòó lé kàwé, bẹ́ǹṣì tó fẹ̀, tí kò mì, tí ọmọ mẹ́rin ń fún ara wọn mọ́ lórí rẹ̀. Joy ló wá ní òpópónà kan ló la àwọn méjèèjì láàárín, pé bí kánsù bá gbà, òun lè ṣe ti Bàbá tán láàárọ̀ kí òun tó wá sọ́dọ̀ Màmá. Akíntúndé ka gbogbo ohun tó kọ sí wọn létí. Ibi tó ti kọ pé èjìká òsì ló wú, Màmá tún un ṣe fún un bí tíṣà.

Kánsù jókòó lé e. Wọn kò lè fún un ní gbogbo ohun tó ní tẹ́lẹ̀, a ò ní parọ́ fún yín. Joy ń wá ní àwọn àárọ̀ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, wọ́n gbé àga ìwẹ̀ wá, wọ́n sì kọ orúkọ Màmá sílẹ̀ de ọ̀pá onírin tó bá tún dé. Àwọn àárọ̀ tó kù di ti ẹbí: Bísọ́dún mú òpin ọ̀sẹ̀, Bọ́láwálé tó fẹ́ ti ilé pa náà mú ọjọ́ tirẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sì gba èyí tó ṣẹ́kù. Kì í ṣe ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjá níwájú ilé Tíṣà láàárọ̀ yìí, ẹ ó bá a nínú oòrùn rẹ̀, tòun ti ife omi lọ́wọ́.

Ó wá kù sọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní òbí àgbà nílé. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì wẹ́fíà ní kánsù yín irú ìrànlọ́wọ́ tó wà fún àgbà. Bí kò bá sí, ẹ béèrè ìdí tí kò fi sí, ẹnu yín kì í ṣe ti yíyá. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wá wo òbí yín, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́, ẹ má sì fi ohunkóhun kún un. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́ wà níjòókòó. Ẹ jẹ́ kí àgbà fúnra rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sí yín létí. Bí ara rẹ̀ bá yí padà, ẹ padà lọ, ẹ má dúró kí ọdún yípo. Bí ara rẹ̀ bá sì yá, ẹ sọ ìyẹn náà, nítorí Silas kan wà níbì kan tó ń dúró.

Ẹ gbàdúrà, ó dára. Ẹ gún iyán fún àlejò, ó dára. Ṣùgbọ́n ojú tó ń tì yín níwájú àlejò yẹn, ìyá yín ni yóò fi ìbàdí san gbèsè rẹ̀ nílẹ̀ balùwẹ̀.